Àlọ àti Àbọ̀ Kò Dọ́gba Lórí Òkun

Ìdógun jìnnà sí òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun láti ọ̀dọ̀ wa yóò kọjá Ọ̀wọ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ gba ilẹ̀ igbó lọ sí Òkìtìpupa àti Igbókòdá, kí ó tó dé ibi tí ilẹ̀ parí sí, ní ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ń rò pé òkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàlá tí a gbá, tí kò ní òkè, tí kò sì ní ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè mọ̀ pé ọ̀nà tí òun sọ̀ ní òwúrọ̀ ni òun yóò gùn ní ìrọ̀lẹ́, tòun tẹrù lórí. Ó mọ̀ pé àlọ òun kò bá àbọ̀ òun dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un pé òkun pẹ̀lú ní ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀, yóò fi wá rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà sì rí. Ní etí òkun tiwa yìí, láti Làìbéríà títí dé Èkó, àti láti Èkó dé ibi tí odò Ọya ti ń wọ inú òkun, ẹni tí ó bá ń tukọ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń padà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ń gòkè. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ìrọ̀rùn èrò ọkọ̀ nìkan. Ẹ̀mí ènìyàn bá a lọ. Nínú àwọn ènìyàn wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó kú lójú ọ̀nà òmìnira gan-an, nítorí pé ọ̀nà náà dojú kọ omi, àwọn tí ó sì yan ibi tí a óò kó wọn lọ kò kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi ń ṣàn sí.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé olùkàwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta tí ó ń ṣe àkóso ọ̀nà orí òkun: ìṣàn omi, ẹ̀fúùfù, àti ìgbì.

Èkíní ni ìṣàn omi. Odò ń bẹ nínú òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí bèbè rẹ̀. Èyí tí ó ń kọjá níwájú ilẹ̀ wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Ìṣàn Omi Gínì. Ó ń bọ̀ láti ìhà Làìbéríà, ó ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn níwájú Gánà, Tógò, Dàhòmì àtijọ́ àti Èkó, títí dé kọ̀rọ̀ òkun lẹ́bàá Kamẹrúùnù. Ní ìgbà púpọ̀ ó máa ń sáré tó ibùsọ̀ kan ní wákàtí kan. Láàrin oṣù Karùn-ún àti oṣù Keje, ibòmíràn wà tí ó ń sáré tó ibùsọ̀ méjì.

Èkejì ni ẹ̀fúùfù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní etí òkun wa ni ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òun náà sì ni ó ń gbé òjò wá fún oko wa. Ní àkókò ọyẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá ìlà-oòrùn máa ń bá a du ipò. Nítorí náà, fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, omi àti afẹ́fẹ́ fohùn ṣọ̀kan: àwọn méjèèjì ń ti ọkọ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn.

Ẹ̀kẹta ni ìgbì. Oríṣi ìgbì méjì ni ó wà. Èyí kúkúrú ni afẹ́fẹ́ àdúgbò ń gbé sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀, òun náà a rọlẹ̀. Èkejì ni ìgbì gígùn tí a bí nínú ìjì ní ìhà gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùsọ̀ sí wa. Ó ń rìn bọ̀ lọ́sàn-án lóru, láti gúúsù tàbí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, títí yóò fi kan ilẹ̀ wa. Láàrin oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án ni ó máa ń tóbi jù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ènìyàn fi lè dúró ní etí òkun ní ọjọ́ tí ewé igi kò mì, kí ó sì rí ìgbì tí ó ga ju ènìyàn lọ tí ń wó lulẹ̀ bí ògiri. Ìjì tí ó bí i ti lè kú ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ní ibi tí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dé.

Ní báyìí, ẹ fi ọkàn yín wo ọkọ̀ tí ó ń ti Àkàrà bọ̀ wá sí Èkó. Ilẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìgbì gígùn náà ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìdí ọkọ̀. Ìgbì ń lé ọkọ̀ bá, ó ń gbé ìdí rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́, ó sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ náà yóò mì lọ sí ọ̀tún àti sí òsì bí ẹni tí ó gbé ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní já lulẹ̀ gbì. Ẹ wá yí ọkọ̀ kan náà padà, kí ó máa ti Èkó lọ sí Àkàrà. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di èyí tí ó ń fẹ́ ẹ lójú. Ìgbì tí ó ń lé e ti di èyí tí ó ń pàdé rẹ̀, ní orí ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì. Nítorí pé ọkọ̀ àti ìgbì dojú kọ ara wọn, wọ́n ń pàdé ní kíákíá. Bí orí ọkọ̀ ti ń jáde kúrò nínú ìkan ni ó ń bọ́ sínú èkejì, omi a sì máa fọ́n kọjá sórí rẹ̀. Òkun kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ìgbì kan náà ni; ṣùgbọ́n èrò tí ó sùn ní àlọ kò ní lè jẹun ní àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kún un. Bí ọkọ̀ kan bá lè rin ibùsọ̀ 6 ní wákàtí kan nínú omi tí kò ṣàn, tí omi sì ń ṣàn ní ibùsọ̀ 1, yóò rin ibùsọ̀ 7 bí ó bá ń bá omi lọ, àti 5 bí ó bá ń kọ ojú sí i. Ìrìn 1,000 ibùsọ̀ yóò gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ 6 ní àlọ, àti ọjọ́ 8 pẹ̀lú wákàtí 8 ní àbọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ onígbòkun tí kò lè rìn ju ibùsọ̀ 3 lọ, tí omi sì ń sáré ní ibùsọ̀ 2, yóò rin ibùsọ̀ 5 ní wákàtí kan bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, àti ẹyọ kan ṣoṣo bí ó bá ń gòkè. Ìrìn 1,000 ibùsọ̀ kan náà yóò gbà á ní ọjọ́ 8 pẹ̀lú wákàtí 8 ní àlọ, àti ọjọ́ 41 pẹ̀lú wákàtí 16 ní àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka afẹ́fẹ́ òdì mọ́ ọn, èyí tí ó ń mú kí ọkọ̀ onígbòkun máa já sí ọ̀tún, já sí òsì, láìlè lọ tààrà. Olùkàwé tí ó bá rántí ìrìn Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, bí ọkọ̀ wọn ti ń fi ara pamọ́ sí abẹ́ erékùṣù nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣe ọwọ́ òdì, yóò mọ̀ pé ìyọnu yìí ti pẹ́ nínú ayé.

Àwọn Potogí ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó bá ọ̀ràn yìí wọ̀yá ìjà ní etí òkun Áfíríkà. Ní ọdún 1434 ni Gil Eanes kọjá orí ilẹ̀ Bojador, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà. Ṣáájú ìgbà náà ẹ̀rù ibẹ̀ ń ba àwọn atukọ̀ gidigidi, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ní ìhà ibẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń lọ sí gúúsù. Àtilọ kò ṣòro. Àtibọ̀ ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá sọ̀ dé ibẹ̀ lè má rí ọ̀nà gòkè padà sí ilé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní ìkẹyìn yani lẹ́nu: dípò kí wọ́n máa bá afẹ́fẹ́ jà lẹ́bàá ilẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀ pátápátá, wọ́n wọ àárín òkun lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, títí wọ́n fi rí afẹ́fẹ́ mìíràn tí yóò gbé wọn padà sí Potogí. Bí àwọn àgbà ti ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà tí ó yí ká ni ó yá jù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1471 wọ́n ti dé etí òkun ibi tí wọ́n ti ń ra wúrà ní Gánà òní. Ní 1482 wọ́n kọ́ ilé olódi sí Elmina.

Àwọn òyìnbó atukọ̀ tí ó tẹ̀ lé wọn tilẹ̀ fi afẹ́fẹ́ sọ ilẹ̀ ní orúkọ. Etí òkun Làìbéríà àti àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Etí Òkun Òkè Afẹ́fẹ́, èyíinì ni ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní ojú wọn, Èkó àti Wídà wà ní ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá kó ẹrú ní Èkó tàbí ní Wídà tí ó sì ń lọ sí Bahia ní Bràsíìlì kò lè yí orí padà sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́sẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ máa lọ sí gúúsù, lọ sí ìhà erékùṣù São Tomé, títí yóò fi rí afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn tí yóò tì í la òkun kọjá. Gbogbo ọjọ́ tí ó bá lò lórí ìyíkà yìí, àwọn ènìyàn wa ni ó wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú ooru àti òùngbẹ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní ọdún 1807 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì rán àwọn ọkọ̀ ogun láti máa dọdẹ àwọn ọkọ̀ ẹrú. Freetown ní Sàró ni a yàn fún ibi tí a óò kó àwọn tí a bá gbà sílẹ̀ lọ. Láti ọdún 1819 sì ni ilé ẹjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjọba mìíràn jọ fi lélẹ̀ ti ń jókòó níbẹ̀ láti dá ẹjọ́ àwọn ọkọ̀ tí a mú. Ohun rere ni. Àwọn tí a sọ̀ sí Sàró láti ọdún 1808 lọ súnmọ́ 100,000 ènìyàn, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Freetown wà: ní òkè, ní ìhà tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ sì wo ibi tí a ti ń mú ọkọ̀ ẹrú jù lọ: níwájú Èkó, Wídà, àti ẹnu odò Ọya, ní ìsàlẹ̀. Ó lé ní 1,000 ibùsọ̀ láàrin wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìgòkè.

Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ni ẹlẹ́rìí. A mú Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, ní ìgbèkùn ní ọdún 1821. Lẹ́yìn tí a ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú Potogí kan ní Èkó ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ Freetown. Ọjọ́ 71 ni ó wà lórí omi lẹ́yìn ìdáǹdè. Kì í ṣe omi nìkan ni ó fa gbogbo ìpẹ́ yẹn, nítorí ọkọ̀ ogun tí ó gbà á ní iṣẹ́ ìṣọ́ tirẹ̀ láti ṣe lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ó fi bí ọ̀nà náà ti rí hàn wá. Àjàyí yìí ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Àjàyí rìn nínú ọkọ̀ ogun, ó sì rí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí àwọn ọmọ ogun díẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ẹrú tí a mú, kí wọ́n máa wà á lọ sí Sàró pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú rẹ̀, nínú ìsàlẹ̀ kan náà tí àwọn oníṣòwò fún wọn sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kò jẹ́ ìyàlẹ́nu fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Omi mímu a tán, ìgbẹ́ ọ̀rìn a bẹ́ sílẹ̀, a óò sì máa sọ òkú sínú òkun. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe ẹrú mọ́. Òmìnira ni wọ́n ń lọ gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ọ̀nà náà ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá wà láàyè dé ibẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì rí àṣìṣe yìí. Ní ọdún 1827 ni wọ́n rán Ọ̀gágun William Owen lọ sí erékùṣù Fernando Po, tí ó wà ní kọ̀rọ̀ òkun lẹ́bàá Kamẹrúùnù, láti tẹ ibùdó dó. Ìdí tí wọ́n fi lọ síbẹ̀ hàn gbangba: láti Èkó dé ibẹ̀ kò tó 500 ibùsọ̀, omi yóò sì máa ti ọkọ̀ lọ ni. Wọ́n fẹ́ kí a kó ilé ẹjọ́ láti Freetown wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ìjọba Spéènì ni ó ni ín, kò sì gbà. Ibà pẹ̀lú pa àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀. Kí ọdún 1835 tó dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ibùdó náà sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kò sì kúrò ní Freetown. Àwọn ọkọ̀ ń bá a lọ láti máa gòkè. A kò kọ èyí láti sọ iṣẹ́ rere di búburú. A kọ ọ́ kí a lè rí i pé èrò rere tí kò bá wádìí ọ̀nà lè mú kí ẹni tí a fẹ́ gbà san owó rẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò fún àwọn Sàró láti padà sí ilẹ̀ baba wọn, omi kan náà di ọ̀rẹ́ wọn. Ní ọdún 1839 àwọn kan nínú wọn dá owó jọ ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì bá a sọ̀kalẹ̀ wá sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman dé ibẹ̀ láti Cape Coast, ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Henry Townsend dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844 Crowther pẹ̀lú Townsend àti Gollmer wọ ọkọ̀ ní Freetown. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845 wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nǹkan bí oṣù kan ni. Ọmọkùnrin tí ó lo ọjọ́ 71 láti gòkè ni ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ilẹ̀ àwọn Sàró bá ti wà ní ìsàlẹ̀ tí tiwa sì wà ní òkè, ta ni ó mọ̀ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá ti lè padà?

Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ eléèéfín ti ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etí òkun wa pẹ̀lú lẹ́tà ní oṣooṣù, nípa ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Macgregor Laird. Ọkọ̀ tí ó ní iná nínú lè gòkè láìdúró de afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ ìgbì. Láti Àkàrà dé Èkó kò sí èbúté kan tí ọkọ̀ ńlá lè wọ̀. Yóò dúró lókèèrè lórí ìdákọ̀ró, yóò máa mì, a óò sì fi okùn sọ èrò kalẹ̀ nínú àpótí ìjókòó sínú ọkọ̀ alájẹ̀ kékeré tí yóò gbé wọn la ìgbì tí ń fọ́ kọjá dé ilẹ̀. Àwọn Kru láti Làìbéríà ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀: ọkọ̀ òyìnbó a máa gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, a sì máa sọ̀ wọ́n sí ilé nígbà tí ó bá ń gòkè padà.

Èkó ní ọ̀sà tí ó tutù minimini nínú, ṣùgbọ́n òkìtì yanrìn dí ẹnu rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mìíràn wà nípa ìhà tí ènìyàn kọ ojú sí. Nígbà tí omi òkun bá ń wọlé sínú ọ̀sà, òun àti ìgbì jọ ń lọ ni, ojú omi a sì rọ̀. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń jáde, ó ń pàdé ìgbì tí ń bọ̀. Ìgbì a wá dúró ṣánṣán, a ga, a sì fọ́ lójijì. Ọkọ̀ kékeré tí ó bá jáde ní wákàtí yẹn wà nínú ewu, àwọn ẹja àkùràkudà sì ń dúró dè é. Nítorí òkìtì yanrìn yìí ni àwọn ọkọ̀ ńlá fi ń kọjá Èkó lọ sí Forcados, tí a óò sì kó ẹrù sínú ọkọ̀ tí ó kéré láti gbé e padà gòkè wá sí Èkó. Láàrin ọdún 1908 àti 1912 ni a mọ ògiri òkúta sínú òkun ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi tí ń jáde lè gbá yanrìn lọ. Ó ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Ṣùgbọ́n yanrìn pẹ̀lú ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀, nítorí pé ìgbì ń kan etí òkun ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ògiri òkúta náà dá yanrìn dúró. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ògiri. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Bar Beach, òkun jẹ ilẹ̀ ju ibùsọ̀ ìdajì lọ kí a tó kó yanrìn àti òkúta dí i. Bákan náà ni ó rí ní Tógò: lẹ́yìn tí èbúté Lomé ṣí ní ọdún 1968, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ lọ sí ìhà Àného ní ìlà-oòrùn. Ìlú méjì, òfin kan. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà ní òkè, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́ ìrọ̀rùn ní ibi gbogbo. Ní ìhà ìlà-oòrùn Gúúsù Áfíríkà, ìṣàn omi ńlá kan ń sáré lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó ń ti Durban lọ sí Cape Town ń bá a sọ̀kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìjì ibẹ̀ máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ń dojú kọ omi. Nígbà náà ni ìgbì a dìde tí ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Keje ọdún 1909 ni ọkọ̀ Waratah kúrò ní Durban pẹ̀lú ènìyàn 211. Kò dé Cape Town. Títí di òní a kò rí ọkọ̀, a kò rí òkú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òkun yóò ti rí kò gbọdọ̀ bèèrè ohun kan ṣoṣo. Kí ó bèèrè ibi tí omi ń ṣàn sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, àti ibi tí ìgbì ti ń bọ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń lọ síbi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, òkun yóò rọ̀ fún un. Bí wọ́n bá dojú kọ ọ́, yóò rí ìyọnu. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, kí ó dúró sí èbúté.

Àwọn baba wa ní etí omi mọ èyí láìka ìwé. Wọn kò sábà gbé ọjà wọn gba orí òkun. Ọ̀sà ni wọ́n ń gbà, láti Pọ̀tọ̀nóòfò àti Àgbádárìgì dé Èkó, láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì, àti síwájú sí i lọ sí ìhà ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn òyìnbó kan rò pé ẹ̀rù ni ó ń bà wọ́n. Ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó ní ọ̀nà títẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ kò ní lọ gun òkè níwájú ilé.

Ní òní, ọ̀rọ̀ yìí ti súnmọ́ àwa ará òkè ju bí a ti rò lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Ìdógun wà nínú rẹ̀ ni Ayétòrò pẹ̀lú wà, ìlú tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí etí òkun ní ọdún 1947, tí òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀. A ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ èbúté tuntun, ògiri òkúta tuntun, àti ọkọ̀ tí yóò máa kó èrò ní etí òkun. A kò lòdì sí ìkankan nínú wọn. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ ni pé kí àwọn tí yóò ṣe é lọ jókòó ti àwọn apẹja kí wọ́n tó jókòó ti ìwé, kí wọ́n bèèrè pé: níbo ni omi ń ṣàn sí, ta ni ó sì wà ní ìsàlẹ̀?

Àgbẹ̀ wa tí ó fi wá rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀. Nígbà tí ó bá ń yan ibi tí yóò dá oko sí, ó ti mọ̀ pé ẹrù wúwo ju agbọ̀n òfìfo lọ, àti pé ní àbọ̀ ni ẹrù ń bẹ. Àwọn tí ó yan Freetown ronú kan àlọ ọkọ̀ ogun wọn. Wọn kò ronú kan àbọ̀, nígbà tí ọkọ̀ yóò kún fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń la ọ̀nà fún ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ ru ẹrù náà gun òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.